Ẹ Yí Inú Rẹ̀ Síta

Nílé Bísíríyù, kò sí ohun tó ń jẹ́ aṣọ àlòpatì. Bí orúnkún ṣòkòtò baálé ilé bá lu, ìyàwó rẹ̀ á gé e kúrú, á di èyí tí wọ́n ń wọ̀ sùn. Bí ìyẹn bá gbó, á di ohun tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Bí iná bá jó o, á di ìnulẹ̀. Nígbà tí kò bá sì ṣeé fi nu ilẹ̀ mọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà kí ẹrẹ̀ má bàa bá wọn wọlé. Aṣọ kì í kú nínú ilé yẹn, iṣẹ́ ló máa ń pààrọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ní kí ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ mú wá. Màdáàmù Adéòjó, tó ń gbé ní ẹ́sítéètì, tó ń lọ síṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́, ló ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní Sátidé sínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Agric, ní Ìkòròdú. Ó ń kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ bí a ṣe ń sọ ògbólógbòó aṣọ di ọ̀tun, kí èyí tí aráyé ń jù nù má bàa di òkìtì ìdọ̀tí sí wa lọ́rùn. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Ó ní kí oníkálùkù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ó kó gbogbo aṣọ tí kò wọ̀ láti ọdún tó kọjá wá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Hàbíbàt, ọmọ Bísíríyù, náà pàtẹ́wọ́. Kò sí kọ́bọ́ọ̀dù nílé wọn. Ìṣó ló wà lára ògiri, báàgì Gánà-mọsi-gò kan sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọdún 2007 ni, Sátidé ìpàtẹ àṣekágbá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ló máa gba máṣíìnì ìránṣọ tuntun lọ sílé. Ṣẹ̀rífátù, ìyá Hàbíbàt, ti jí rin ewùrà. Ìkọ́kọrẹ́ ló ń sè, ó sì ti da ẹja ṣáwá sínú rẹ̀ ju bó ṣe máa ń dà á lọ.

"Èló lo ra ẹja yìí?" Bísíríyù béèrè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, aṣọ ọlọ́dẹ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń ṣọ́ geètì ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ọ̀dọ̀gùnyàn, àwọn yẹn ò sì tíì san owó oṣù tó lọ, débi tí a óò sọ ti èyí tó wà lóde.

"Ẹja tí ẹ óò jẹ ni mo rà."

"Èló ni mo bi ọ́."

"Bàbá Hàbíbàt, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ọmọ ni lónìí. Bó bá gba máṣíìnì yẹn, ta ló mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣé máṣíìnì la máa sè jẹ lọ́la?"

Ṣẹ̀rífátù tẹjú mọ́ ìkòkò. Ó ń ro ìkọ́kọrẹ́. Bísíríyù kojú sí ọmọ rẹ̀ tó jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan lé ẹsẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Ọmọ náà ti lé lógún ọdún. Ó ti ṣe ìdánwò Jáàm̀bù títí, wọn ò mú un.

"Ṣí i kí n rí i, Hàbíbàt."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná."

"Èmi tí mo bí ọ, mi ò lè rí aṣọ tó o rán?"

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀," ìyá rẹ̀ ní. Kò gbójú kúrò nínú ìkòkò. Bísíríyù dúró pé kó sọ èyí tó kù, nítorí Ṣẹ̀rífátù kì í sọ̀rọ̀ kúkúrú, pàápàá lórí ọmọ yìí. Kò sọ nǹkan míì.

Ìyá Láńre jáde láti yàrá tó dojú kọ tiwọn, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́, iná ti ràn nínú rẹ̀. Opó ni, Láńre ọmọ rẹ̀ kò sì gbé nítòsí. Bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti òwú ló ń tà ní ìdíkọ̀ Benson. Òwú tí Hàbíbàt fi rán ohun tó wà nínú láílọ́ọ̀nù yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló ti gbà á, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mú un wá kí n bá ọ lọ̀ ọ́, ọmọ mi."

"Mo ti lọ̀ ọ́, Mọ́mì Láńre. Ẹ ṣeun mà."

"Ó dáa. Ẹ dúró dè mí, kí n wẹ̀. Mi ò ní pàtẹ lónìí, gbogbo wa la jọ ń lọ."

Ọwọ́ Ṣẹ̀rífátù dúró lórí orógùn. "Ìyá Láńre, Sátidé lọjà yín máa ń yá jù. Ẹ má fi tiwa pa tiyín lára."

"Ta ni mo tún ní tí mo lè bá yọ̀, Ìyá Hàbíbàt? Láti ìgbà tí Wùnmí ti lọ, ilé ń dùn mí gbé ni?"

Orúkọ yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè nínú ilé náà mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Láńre ni Wùnmí. Ó wá láti Èjìnrìn, ó ń bá a tajà. Nígbà tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lórí okùn ẹ̀yìnkùlé, bùbá àǹkárá lańlọ́ọ̀dù lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà bùbá léèsì Ìyá Láńre fúnra rẹ̀, Ṣẹ̀rífátù ló dúró lẹ́bàá kànga tó sọ ohun tí àwọn yòókù ń rò sínú: pé kí ọmọbìnrin yìí tó ti Èjìnrìn dé, aṣọ kì í sọnù nínú ilé yìí. Òun náà ló ní kí wọ́n gbé Bíbélì fún un. Wùnmí gbé Bíbélì, ó búra. Ṣẹ̀rífátù ní ojú olè kì í rí Bíbélì. Ìyá Láńre sunkún, ó sì di ẹrù ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dá a padà sí Èjìnrìn. Ẹyin lohùn. Kò sí ẹni tó ṣà á láti ìgbà náà.

Wọ́n jẹun. Ìkọ́kọrẹ́ náà dùn, ṣùgbọ́n Hàbíbàt fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́.

*

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ta aṣọ funfun gbàràgàdà kan sójú ògiri, wọ́n kọ ọ́ sí i pé: MÁ JÙ Ú NÙ, TÚN UN ṢE. Ọmọkùnrin kan láti ẹ́sítéètì ti fi táì bàbá rẹ̀ rán báàgì. Ọmọbìnrin kan ti tú jíǹsì mẹ́rin, ó fi wọ́n ṣe kaba. Oníkálùkù á jáde, á yí po, lẹ́yìn náà Màdáàmù Adéòjó á na máíkì sí i kó sọ ibi tí aṣọ náà ti wá. Ìyẹn ló jẹ́ kókó ẹ̀kọ́ náà, Màdáàmù ní, pé gbogbo aṣọ ló ní ìtàn.

Nígbà tó kan Hàbíbàt, ariwo ìyanu sọ. Jákẹ́ẹ̀tì ni. Ó fi léèsì tó rẹ láró di dúdú ṣe àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi àǹkárá ṣe apá, ó to bọ́tìnnì oríṣiríṣi sí iwájú rẹ̀ bí ìràwọ̀. Bó ṣe ń rìn bọ̀, ó rẹwà débi pé bàbá rẹ̀ na ọrùn síwájú lórí àga. Bísíríyù kò mọ̀ pé ọmọ òun lè rìn báyẹn.

"Ibo ni aṣọ yìí ti wá, Hàbíbàt?"

"Léèsì tí màmá mi wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi ni, mà."

Gbogbo gbọ̀ngàn hó pẹ̀lú ìfẹ́. "Ìyá rẹ̀ dà? Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ká rí yín!"

Ṣẹ̀rífátù kò dìde. Ọkọ rẹ̀ fi ìgúnpá gbún un. "Wọ́n ń pè ọ́, dìde." Ó dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó tẹ eékún díẹ̀ bí ẹni tó gba ẹ̀bùn, ó sì jókòó. Bísíríyù ń wá léèsì náà nínú ọkàn rẹ̀. Kò rí i. Aṣọ àyálò ni ìyàwó rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e padà fún ẹni tó ni ín.

Nígbà tó fi máa yíjú, Ìyá Láńre ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ń lọ síwájú jẹ́jẹ́.

"Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án, Màdáàmù."

"Ẹ bọ́ síbí, mà. Ẹ fọwọ́ kàn án dáadáa!"

Ìyá Láńre gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà jákẹ́ẹ̀tì náà. Òdòdó ara léèsì náà rí roboto, ó dàbí ilá tí wọ́n gé. Aró lè pa àwọ̀ dà, kò lè yí òdòdó padà. Ó wo ojú Hàbíbàt. Hàbíbàt wo ilẹ̀.

"Ẹ yí inú rẹ̀ síta," Ìyá Láńre sọ fún Màdáàmù.

"Òótọ́ lẹ sọ! Inú aṣọ la ti ń mọ aránṣọ tó mọṣẹ́." Inú Màdáàmù dùn. Hàbíbàt di etí jákẹ́ẹ̀tì mú, ṣùgbọ́n Màdáàmù ti ń tú bọ́tìnnì rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Aṣọ funfun yíyi kan ló wà nínú rẹ̀, àwòrán ọkà àti àwọn lẹ́tà pupa tó ti ṣá sì wà lára rẹ̀.

"Ẹ wò ó! Àpò fúláwà! Ẹ rí ọgbọ́n ọmọ yìí? Ohun tí mo ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí!"

Pàtẹ́wọ́ tó ró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ló pọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Àwọn kan dìde dúró. Ìyá Láńre dúró títí ó fi rọlẹ̀.

"Èmi ni mo rán àpò yẹn mọ́ ọn," ó ní. "Mi ò ní owó tí n óò fi ra aṣọ inú. Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i."

Kò pariwo. Ṣùgbọ́n máíkì wà lọ́wọ́ Màdáàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo igun gbọ̀ngàn. Ìyá Láńre rí i pé gbogbo ènìyàn ti gbọ́, pé tálákà ni òun, pé léèsì òun tí òun fi ń ṣọge ní ṣọ́ọ̀ṣì ní àpò ìyẹ̀fun nínú. Ó fi gèlè bo ẹnu. Òun tí wọ́n jà lólè ni ojú kọ́kọ́ tì.

Bàbá àgbàlagbà kan níwájú ilẹ̀kùn kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora."

Màdáàmù fa Hàbíbàt wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. Ṣẹ̀rífátù tẹ̀ lé wọn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò padà.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé o ò ní aṣọ tó o lè mú wá?"

"Báwo ni n bá ṣe sọ ọ́, mà? Ẹ ní kò sí ẹni tí kò ní. Ẹ ní bó ti wù kó kéré tó, gbogbo wa la ní aṣọ mẹ́wàá tí a kì í wọ̀."

Màdáàmù rántí. Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi í pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, àwọn àpò aṣọ tí àwọn ọmọ ẹ́sítéètì kó wá tí wọn ò lò tán wà lórí ara wọn kan àjà. Wọ́n ti ṣètò pé kí ọlọ́kọ̀ ìdọ̀tí wá kó wọn ní Mọ́ńdè.

"Bọ́ ọ sílẹ̀," Màdáàmù ní. Ohùn rẹ̀ kò le mọ́. "Bọ́ ọ sílẹ̀, jẹ́ n dá a padà fún wọn."

Hàbíbàt bọ́ ọ. Ọmọ tó fi táì rán báàgì ló gba máṣíìnì.

*

Ọ̀rọ̀ ti dé ilé ṣáájú wọn. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lẹ́bàá kànga dákẹ́ nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n kí wọn "Ẹ káàbọ̀" dáadáa, bí ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀kùn padé ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí wa délẹ̀délẹ̀."

"Jẹ́ kí ọmọ wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ńkọ́, adájọ́ wa?"

"Ṣebí òun ló ní ká gbé Bíbélì wá? Mùsùlùmí tó ń bá onígbàgbọ́ gbé Bíbélì!"

"Ẹ rọra, wọ́n ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́. Wùnmí náà gbọ́ tirẹ̀."

Wọ́n ń gbọ́. Ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ àárọ̀ wà láàárín yàrá. Bísíríyù jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Hàbíbàt kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Mò ń fi oru ṣọ́ ilé-iṣẹ́ olówó kí olè má bàa wọ̀ ọ́," Bísíríyù ní. "Tèmi wà nílé, ó ń jẹun lọ́wọ́ mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi." Ó ń sọ̀rọ̀ sí ilẹ̀. "Sátidé àkọ́kọ́, mo ní mo gbàgbé tèmi sílé. Èkejì, mo tún ní mo gbàgbé. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin kan yọ síkẹ́ẹ̀tì kan nínú àpò rẹ̀, ó jù ú sí mi níwájú gbogbo wọn. Ó ní, 'Gbà, ṣé ẹ ò ní nílé yín ni?' Gbogbo wọn wojú mi. Ọjọ́ yẹn ni mo dé ilé tí mo rí bùbá lańlọ́ọ̀dù lórí okùn."

"Ti Ìyá Láńre ńkọ́? Ìyá Láńre tó ń fún ọ lówùú?"

"Mo rò pé bí mo bá gba máṣíìnì, n óò rán òmíràn fún wọn."

"Wùnmí ńkọ́? Máṣíìnì á rán Wùnmí náà?"

Hàbíbàt bú sẹ́kún. Bísíríyù kò nà án. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó dúró ti ògiri.

"Ṣé o mọ̀?"

Ṣẹ̀rífátù bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ìdérí ìkòkò, ó wo inú rẹ̀, ó dé e padà.

"Ṣẹ̀rífátù. Mo ní ṣé o mọ̀?"

Níta, ẹnìkan ń fún aṣọ, omi rẹ̀ ń dà sínú báfù. Ṣẹ̀rífátù fi ọwọ́ nu ìdérí tí kò dọ̀tí. Bísíríyù kò bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ó dé fìlà rẹ̀, ó rékọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn Ìyá Láńre. Obìnrin náà ti múra ìrìn àjò, ó gbé báàgì lé apá.

"Èjìnrìn ni mò ń lọ," ó ní. "Mò ń lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò pe ẹnikẹ́ni."

"Ìyá Láńre, ẹ jọ̀ọ́. A ń bá yín lọ."

"Èmi kọ́ ni mo ni ọkọ̀. Ẹni tó bá ti sanwó rẹ̀ lè wọ̀ ọ́."

Nínú bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́, Ìyá Láńre jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Àwọn mẹ́ta yòókù wà lẹ́yìn pátápátá. Wọ́n kọjá Ìmọ̀tà. Ní oríta Èjìnrìn, Ìyá Láńre wọ ọ̀kadà tirẹ̀ lọ láì wẹ̀yìn, àwọn náà wọ tiwọn tẹ̀ lé e.

*

Ẹja ni Ìyá Wùnmí ń yan lẹ́yìn ilé nígbà tí wọ́n dé. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Ó rí àbúrò rẹ̀, ó rí àwọn àjèjì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Títílọpẹ́, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi." Ìyá Láńre kúnlẹ̀. Bísíríyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú eérú àti ìpẹ́ ẹja, pẹ̀lú aṣọ kan ṣoṣo tó fi ń jáde. Ṣẹ̀rífátù àti Hàbíbàt kúnlẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá Láńre ro ọ̀rọ̀ náà títí dé ìdí. Kò gbe ara rẹ̀. Ó ní òun ni òun fọwọ́ ara òun di ẹrù ọmọ náà.

Ìyá Wùnmí gbọ́ ọ tán. Ó yí ẹja tó wà lórí iná padà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa jóná. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó bu omi wá fún wọn. Ife omi náà wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé e.

"Ẹ bú wa, mà," Bísíríyù ní. Kò tíì dìde. "Ẹ bá wa wí. Ohun tí ẹ bá sọ la máa gbà."

"Bí mo bá bú yín, ṣé àwọn ará Ẹ̀pẹ́ á padà wá?"

Bísíríyù gbórí sókè, kò yé e. Ìyá Láńre dojú bolẹ̀.

"Ẹni tó fẹ́ fẹ́ Wùnmí, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti mú ọjọ́. Ọ̀rọ̀ yín ti Ìkòròdú dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọmọ mi tó tú ẹrù rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ò fẹ́ olè nílé àwọn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tó wà lójú ògiri. "Mo bi í léèrè lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo bí i, mo bi í bóyá ó jí i lóòótọ́. Kò tíì bá mi jẹun nínú abọ́ kan náà láti ìgbà yẹn."

Wùnmí ti etídò bọ̀, ó ru abọ́ ẹja lórí, ìró rẹ̀ tutù. Ó rí wọn. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn, Àǹtí."

Ìkúnlẹ̀ yẹn dun Ṣẹ̀rífátù ju èébú lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń bú ara rẹ̀, ó ń pe Wùnmí ní ọmọ òun, ọmọ dáadáa, ọmọ tó mọ̀wàhù. Wùnmí dúró dìgbà tó mí.

"Ìyá Hàbíbàt, níbo lẹ dúró sí lọ́jọ́ tí ẹ pè mí lólè?"

"Lẹ́bàá kànga."

"Àwọn wo ló wà níbẹ̀?"

"Gbogbo ilé."

"Ẹ̀yìnkùlé wa nìyí," Wùnmí ní. "Èmi àti màmá mi nìkan ló wà níbí."

Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ní láti túmọ̀. Bísíríyù dìde, ó gbọn eérú kúrò láyà. "Ẹ dìde, ká lọ sọ ọ́ lọ́jà," ó sọ fún àwọn tirẹ̀.

Ọjọ́ ọjà Èjìnrìn ni. Ọjà ti ń tú. Àwọn obìnrin ń di gàrí àti ẹja gbígbẹ, wọ́n ń pe ara wọn. Ọkọ̀ ojú omi kan wà létí omi tí èrò ti kún inú rẹ̀, àwọn tó kù ń ju ẹrù sí i. Wùnmí ló ṣáájú. Ó dúró níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, ó ká apá rẹ̀ jọ, kò sọ nǹkan kan.

Hàbíbàt ló kọ́kọ́ lanu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Wùnmí kò jalè. Èmi ni mo jí aṣọ tí wọ́n ní ó jí. Èmi Hàbíbàt, ọmọ Bísíríyù, láti Ìkòròdú."

Bísíríyù gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kò gbé ojú sókè.

Obìnrin kan tó ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀ dáwọ́ dúró. Àwọn mìíràn sún mọ́ wọn. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ẹnìkejì rẹ̀ sì fọwọ́ gbá a léjìká. "Ta ló wá pe ọmọ ọlọ́mọ lólè?" ìyá arúgbó kan bi wọ́n.

"Èmi ni," Ṣẹ̀rífátù dáhùn. "Èmi ni mo pariwo rẹ̀."

Ó lè parí síbẹ̀. Wọn ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan tilẹ̀ ti padà sídìí ẹrù wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣì dúró, ó ń lọ́ etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Wùnmí lọ, mo fa báàgì ọmọ mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rí apá aṣọ náà níbẹ̀. Mo mọ aṣọ ẹni tó jẹ́. Mo tì í padà sínú báàgì, mo sì lọ sùn. Ní àárọ̀, mo bá wọn gbé ẹrù Wùnmí dé títì."

Ìyá Láńre jókòó sórí iyanrìn. Hàbíbàt wo ìyá rẹ̀, kò tíì mọ̀ títí di ìgbà yẹn pé ó mọ̀. Bísíríyù, tó ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì nílé, yí ẹ̀yìn sí wọn, ó kọjú sí ọ̀sà.

Wùnmí kò sunkún, kò sì sọ pé òun dárí jì wọ́n. Ojú rẹ̀ wà lára ọkọ̀ ojú omi náà. Atukọ̀ ti mú ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń ti ọkọ̀ kúrò ní èbúté, àwọn èrò inú rẹ̀ ń wo etí omi, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún.

"Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ò gbọ́," ó ní. "Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń lọ."

Ṣẹ̀rífátù kò ká ìró rẹ̀ sókè. Ó wọ inú omi lọ títí ó fi dé e lórúnkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu rẹ̀ ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.